Bí ẹ ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sára àwòrán àti ère tí àmì rẹ̀ kò fi ní sọnù

Ẹni tó mọ àwòrán yà dáadáa lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Á ya àwòrán tán pátápátá, ibi kékeré tó bá kù nísàlẹ̀ ni yóò wá fún ọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́tà á wọlé, àmì ò ní ríbi dúró: dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ á bọ́ sábẹ́ férémù, àmì ohùn á gun ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú àwòrán. Tó bá di ère, wàhálà míì tún ni. Ọ̀rọ̀ á jáde ní òdì, tàbí kí dọ́ọ̀tì kán dànù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yọ iṣẹ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ méjì la ó ṣe níbí: àwòrán ọ̀dà lórí pílíwúùdù, àti pátákó sìmẹ́ńtì tí ọ̀rọ̀ rì sínú rẹ̀. Gbólóhùn kan náà la ó lò fún méjèèjì, ẸYIN LỌ̀RỌ̀, torí kò sí irú wàhálà àmì tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn sórí Ẹ àti I, ó ti di Ẹ̀YÌN LỌ̀RỌ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ẹ jẹ́ kí dọ́ọ̀tì Ẹ ṣí dànù, ẹni tó ń kà á á máa ronú eyín ẹnu.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fún àwòrán:
- Pílíwúùdù oní-12 mm, 122 cm ní ìbú, 61 cm ní òró. Odindi pílíwúùdù kan á fún yín ní mẹ́rin irú rẹ̀.
- Sáńpépà 120 àti 220.
- Ọ̀dà funfun olómi fún ìpìlẹ̀, àti àkírílíìkì fún àwòrán àti lẹ́tà.
- Búrọ́ọ̀ṣì 5 cm, pẹlẹbẹ 1.5 cm, àti tín-ín-rín kan. Fóòmù tí ẹ gé kékeré.
- Fíìmù X-ray àtijọ́ tàbí páálí líle, abẹ tó mú, rúlà irin, pẹ́ńsù, tẹ́èpù àwọn akunlé.
- Ìwé fífẹ̀ kan, abẹ́rẹ́, àti èédú lílọ̀ tí ẹ dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Fún sìmẹ́ńtì:
- Àpótí pákó tí inú rẹ̀ jẹ́ 60 cm sí 40 cm, tó jìn ní 4 cm. Ẹ fi súkúrúù de ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má kàn án níṣòó.
- Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, èyí tó nípọn tó 1 cm, àti gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà.
- Sìmẹ́ńtì bíi 6.5 kg, iyanrìn mímú tí ẹ ti jọ̀ bíi lítà 9, omi bíi lítà 3.
- Wáyà nẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì díẹ̀, àpò ìdọ̀họ, ọ̀rá fífẹ̀.
- Ìbọ̀wọ́ ròbà. Sìmẹ́ńtì tútù máa ń bó èèyàn lọ́wọ́, kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀ lẹ ó mọ̀.

Ìpele 1: Ẹ pinnu ohun tí ọ̀rọ̀ máa sọ àti ohun tí àwòrán máa sọ

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dárúkọ ẹyin, ẹ má ya ẹyin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, òun ló sì ń mú kí àwòrán dà bíi pátákó ìpolówó. Ọ̀rọ̀ ti sọ tirẹ̀, kí àwòrán sọ èyí tó kù. Fún gbólóhùn tiwa yìí, kíréètì ẹyin tó ṣófo dára, ẹni méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn dára, fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ náà dára. Kíréètì ni mo mú, torí a ó tún lò ó fún sìmẹ́ńtì.

Ẹ pinnu pẹ̀lú bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n kà á tàbí kí wọ́n kàn rí i. Iṣẹ́ Victor Ekpuk, tó kàwé ní Ifẹ̀, kún fún àmì tó fa gbòǹgbò láti inú nsibidi, àmì ìkọ̀wé àtijọ́ ti agbègbè Cross River. Bruce Onobrakpeya náà ṣẹ̀dá àmì tirẹ̀ tó pè ní Ibiebe. Kò sẹ́ni tó ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jà pé òun ò rí i kà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi ABD kọ Yorùbá sójú iṣẹ́, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á fẹ́ kà á, á sì rí àṣìṣe kó tó rí ẹwà.

Fún pákó tó tóbi tó báyìí, ẹ má kọjá ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ fi tẹ lẹ́tà náà jáde, ẹ ṣọ́ra fún fọ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló mọ Ọ, tí wọ́n sì mọ Ò, ṣùgbọ́n tí Ọ̀ bá dé, àmì á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans àti Charis SIL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. PDF ni kí ẹ gbé lọ bá àwọn atẹ̀wé, ẹ má gbé fáìlì tí fọ́ǹtì ẹ̀rọ tiwọn máa yí padà lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ kọ gbólóhùn náà sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ẹ fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn kó kà á sókè. Ohun tó bá kà jáde lẹnu ni ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ẹ rò.

Ìpele 2: Ẹ wọn ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fa ìlà kankan nínú àwòrán

Ẹ má kánjú níbí o.

Ẹ mú gíga lẹ́tà ńlá, ẹ pín in sí márùn-ún. Ìpín kan ni ìlà lẹ́tà máa fi nípọn. Lókè lẹ́tà, ẹ fi ààbọ̀ ìpín sílẹ̀ lófìfo, kí àmì ohùn gba ìpín kan. Nísàlẹ̀, ààbọ̀ ìpín lófìfo, kí dọ́ọ̀tì gba ìpín kan. Àpapọ̀ rẹ̀, ìpín mẹ́jọ. Lẹ́tà tó ga ní 15 cm, 24 cm ló máa jẹ lórí pákó. Ẹni tó bá ya 15 cm sọ́tọ̀ fún un ti jẹ gbèsè 9 cm, àwòrán ló sì máa san án.

Ẹ má ṣe dọ́ọ̀tì ní tín-ín-tín nítorí pé ó kéré nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Lórí pákó, dọ́ọ̀tì tí kò nípọn tó ìlà lẹ́tà dà bí ẹ̀kán ọ̀dà tó já bọ́, ẹlòmíì tó bá fẹ́ tún un kùn lọ́la á sì nù ún kúrò.

Ó wá ku ìbú. Lẹ́tà tó sanra báyìí máa ń fẹ̀ tó ìdá méje nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀. I nìkan ló yàtọ̀, ìlà kan ṣoṣo ni. Tí gíga bá jẹ́ 15 cm:
- Lẹ́tà méje (Ẹ, Y, N, L, Ọ̀, R, Ọ̀), 10.5 cm lọ́kọ̀ọ̀kan: 73.5 cm
- I: 3 cm
- Àlàfo mẹ́fà láàárín lẹ́tà, 2.25 cm lọ́kọ̀ọ̀kan: 13.5 cm
- Àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì: 10 cm

Ó jẹ́ 100 cm. Pákó jẹ́ 122 cm, nítorí náà 11 cm ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ìṣirò tiyín bá kọjá pákó, gíga lẹ́tà ni kí ẹ dín. Ẹ má fún àlàfo pọ̀.

2.25 cm yẹn wà fún ìṣirò nìkan. Ojú ló máa pín in. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ fẹ́ da iyanrìn sáàárín lẹ́tà méjì-méjì: iye kan náà ni kó máa gbà níbi gbogbo. I àti N jẹ́ ìlà òòró méjì tó dojú kọra, ẹ fún wọn ní bíi 3 cm. Y ti ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ fa I sún mọ́ ọn, 1.5 cm ti tó. L àti Ọ̀ ló ṣòro jù: apá òkè L ṣófo, Ọ̀ sì rí roboto, kódà tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ojú ṣì máa rí ihò níbẹ̀. 1 cm péré ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìlà méjì, ìpín mẹ́jọ ni kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní, kí ìpín kan ṣófo láàárín wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dọ́ọ̀tì ìlà òkè á bọ́ sórí lẹ́tà ìsàlẹ̀, á sì di àmì tí kò sí nínú èdè kankan. Robert Indiana, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, to ọ̀rọ̀ LOVE ní méjì-méjì, LO lókè, VE nísàlẹ̀, ó dẹ O sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fún gbogbo wọn mọ́ra dé ibi tí lẹ́tà fi kan lẹ́tà. Ìtò yẹn le débi pé nígbà tó fi irin ṣe é ní 1970, kò nílò kó yí i padà. Àwọn tó fẹ́ fi ỌRẸ tàbí ÌFẸ́ ṣe irú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í bọ́ sí i fún wọn, torí pé LOVE kò ní nǹkan kan lókè tàbí nísàlẹ̀ tó ń béèrè àyè. Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹ lo lẹ́tà tí ìlà rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ẹ gé ihò fún dọ́ọ̀tì sára lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n gidi, ẹ fi tẹ́èpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ẹ sún sẹ́yìn tó mítà 5. Lẹ́yìn náà ẹ dorí ìwé kodò. Nígbà tí ẹ kò bá rí i kà mọ́, àlàfo tó jù tàbí tó dín á fara hàn fúnra rẹ̀.

Ìpele 3: Pákó

Ẹ fi sáńpépà 120 ha á, ẹ nù ún, ẹ kun ọ̀dà funfun lójú, lẹ́yìn, àti létí rẹ̀. Ojú nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kùn. Ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ á mu ọ̀rinrin, pákó á sì tẹ̀. Ojú gba ìlọ́po méjì, tí ẹ bá fi sáńpépà 220 ha á díẹ̀ láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ tẹ tẹ́èpù mọ́ ọn gidigidi, ẹ já a kúrò lẹ́ẹ̀kan. Tí ọ̀dà bá bá a wá, eruku ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ha á, kí ẹ tún un kùn.

Ìpele 4: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ sórí pákó, kí ẹ tó ya àwòrán

Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún etí lẹ́tà tó wà lórí ìwé yẹn, ihò kan ní 3 mm sí èkejì, títí kan àmì ohùn àti dọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ́ ìwé náà sórí pákó, ẹ máa fi aṣọ tí ẹ di èédú sí gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ gbé ìwé kúrò, ẹ fi pẹ́ńsù so àwọn àmì èédú pọ̀, ẹ fẹ́ èyí tó kù dànù. Ẹ pa ìwé náà mọ́, ìwọ̀n rẹ̀ la ó pín sí méjì fún sìmẹ́ńtì.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ibí lọ. Àkọ́kọ́, kí àwòrán wà nínú lẹ́tà: ẹ fi tẹ́èpù bo ibi tí kì í ṣe lẹ́tà, ẹ ya kíréètì náà gba inú lẹ́tà kọjá. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì kéré jù láti gba àwòrán, nítorí náà ẹ fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo dọ́ọ̀tì àti àmì ohùn. Èkejì, kí lẹ́tà wà lórí àwòrán: ẹ ya kíréètì tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún gbé ìwé oníhò náà sí ipò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ sàmì sí igun ìwé lára pákó kó má baà ṣí. Èkejì yìí ni màá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan nípa ọ̀dà: olóróró lè gun olómi tó ti gbẹ. Olómi kì í dúró lórí olóróró. Ẹni tó fi ọ̀dà dídán ya àwòrán, tó wá fi àkírílíìkì kọ̀wé lé e lórí, á rí i tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ fi fóònù ya àwòrán náà ní dúdú àti funfun. Tí àwọ̀ tí ẹ fẹ́ fi kọ lẹ́tà bá pòórá sínú àwọ̀ ẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Pupa lórí àwọ̀ ewé ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù: lójú, ó ń pariwo, nínú fọ́tò yẹn, méjèèjì di ọ̀kan.

Ìpele 5: Sítẹ́ńsù àti ọ̀dà lẹ́tà

Ẹ gé lẹ́tà sára fíìmù X-ray. Lẹ́tà tó ní ihò nínú, A, B, D, O, Ọ, P àti R, gbọ́dọ̀ ní afárá tó di àárín rẹ̀ mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárín á já bọ́. Afárá méjì fún Ọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, 4 mm lọ́kọ̀ọ̀kan. Dọ́ọ̀tì àti àmì ohùn kì í nílò afárá, ṣùgbọ́n ibi tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Ní gíga 15 cm, 1.5 cm ló wà níbẹ̀, ó lágbára. Tí lẹ́tà ò bá ga tó 4 cm, ibẹ̀ á ya lọ́wọ́ yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gé dọ́ọ̀tì sórí fíìmù tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ má po omi mọ́ ọ̀dà. Ẹ tẹ fóòmù bọ ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ lórí sítẹ́ńsù ní òòró. Ẹ má fà á. Fífà ló ń ti ọ̀dà sábẹ́ etí. Ìlọ́po méjì tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ.

Tó bá jẹ́ tẹ́èpù lẹ lò dípò sítẹ́ńsù, àwọ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn létí tẹ́èpù. Tí nǹkan bá máa ṣàn wọlé, àwọ̀ tó ti wà níbẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kun àwọ̀ lẹ́tà. Ẹ yọ tẹ́èpù nígbà tí ọ̀dà ìkẹyìn ṣì rọ̀ díẹ̀.

Ẹ máa nu ẹ̀yìn sítẹ́ńsù lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Glenn Ligon, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń fi sítẹ́ńsù àti igi ọ̀dà olóróró dúdú tẹ gbólóhùn kan náà léraléra láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀dà á sì máa kó jọ títí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fi di dúdú tí ojú kò lè kà. Ìdí wà tó fi ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè tó mọ́ kedere. Ìdọ̀tí tó bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà kejì kì í ṣe irú ìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ ka àmì, kì í ṣe lẹ́tà. ẸYIN LỌ̀RỌ̀ ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta àti àmì ohùn méjì. Márùn-ún gbọ́dọ̀ pé kí ẹ tó fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ìpele 6: Pátákó sìmẹ́ńtì

Lẹ́tà tó rì sínú sìmẹ́ńtì ni mo yàn, kì í ṣe èyí tó yọ síta. Dọ́ọ̀tì tó yọ síta kò ní ohun tó dì í mú ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ gbé pátákó kọlu ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Bákan náà ni nínú igi: dọ́ọ̀tì kékeré tó yọ síta á kán ní ìbámu pẹ̀lú ìlà igi. Ihò kì í kán.

Ìwọ̀n àwòrán ni kí ẹ pín sí méjì. Lẹ́tà á ga ní 7.5 cm, gbólóhùn á gùn ní 50 cm, dọ́ọ̀tì á fẹ̀ ní 1.5 cm, gbogbo òró rẹ̀ á jẹ́ 12 cm. Ó ku 28 cm fún kíréètì.

Ẹ fi abẹ gé lẹ́tà láti ara fóòmù sílípáàsì. Fóòmù dára ju pákó lọ níbí torí pé ó máa ń fún pọ̀: nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, kì í fa etí sìmẹ́ńtì ya.

Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí ní òdì, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì. Pàkúté wà níbí. Y, I àti Ọ kì í yí padà tí ẹ bá kọ wọ́n lódì, nítorí náà ọkàn èèyàn á balẹ̀ pé Ọ̀ ti tọ́. Lẹ́tà ò yí padà, àmì ohùn yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ kí Ọ̀ jáde lára pátákó, Ọ́ ni kí ẹ rí nínú àpótí. Ẹni tó bá gbàgbé á gba LỌ́RỌ́, sìmẹ́ńtì kò sì ní ìparẹ́.

Ọ̀nà tí kì í ṣìnà: ẹ ya ọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n yìí sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìlà lè hàn. Ẹ to lẹ́tà fóòmù lé e bí ẹ ṣe rí i, láìronú rárá. Ẹ wá fi ìlànà yẹn lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí.

Fún kíréètì, ẹ wá kíréètì ẹyin oníke, kì í ṣe ti páálí tó ń mumi. Ẹ gé orí àwọn gọngọ rẹ̀ ní 1.5 cm, ẹ fi amọ̀ kún inú wọn kí ìwúwo má baà tẹ̀ wọ́n, ẹ lẹ̀ wọ́n sí àyè tó kù. Ihò ẹyin tó ṣófo ni wọ́n máa fi sílẹ̀ lára sìmẹ́ńtì.

Ẹ fi ọ́ìlì pa gbogbo inú àpótí, kí ẹ nù ún padà. Ọ́ìlì tó bá kó jọ sí kọ̀rọ̀ lẹ́tà á jẹ́ kí ojú sìmẹ́ńtì rí kuruǹkuru.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ fi fóònù ya inú àpótí, ẹ yí fọ́tò náà sí òdì, ẹ kà á. Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò yẹn ló máa jáde.

Ó wá ku sìmẹ́ńtì. Ẹ kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú ohun èlò yín, ẹ po sìmẹ́ńtì kan mọ́ iyanrìn kíkúnná kan, kó ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tì í sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà àti ìdí dọ́ọ̀tì, kó nípọn tó 5 mm. Ìpele tí àwọn èèyàn ń fò nìyí, òun ló sì ń fa ihò afẹ́fẹ́ tó máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ po èyí tó kù ní sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn méjì. Ẹ da omi díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́ tó dúró láìṣàn, ó ti tó. Omi tó pọ̀ jù rọrùn láti dà, ṣùgbọ́n á jẹ́ kó sán bó bá ń gbẹ.

Ẹ dà á dé 2.5 cm láti ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ tẹ́ wáyà nẹ́ẹ̀tì, ẹ da ìyókù. Tí wáyà bá sún mọ́ orí lẹ́tà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpatà á yọ sójú pátákó lẹ́yìn òjò díẹ̀. Ẹ fi òòlù kan ẹ̀gbẹ́ àpótí léraléra títí bọ́bọ́ ò fi yọ mọ́.

Ẹ bò ó pẹ̀lú àpò tútù àti ọ̀rá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ tú súkúrúù, ẹ dojú rẹ̀ sókè, ẹ fi nǹkan ṣóńṣó yọ fóòmù láti àárín lẹ́tà lọ sí etí. Dọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi parí. Ẹ tún bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i títí ọjọ́ keje. Ìwúwo rẹ̀ á tó 20 kg, nítorí náà ẹ má dá gbé e nígbà tó ṣì tutù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ fi ìka kàn án jákèjádò. Ibi tó bá ń dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo ní ihò lábẹ́. Ẹ fi ìka wá dọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí sìmẹ́ńtì bá dí, irin líle ló máa là á, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Tí ẹ bá fẹ́ kun inú lẹ́tà, ẹ dúró di ọjọ́ 28, kí ẹ sì lo àkírílíìkì. Ọ̀dà olóróró kì í bá sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́. Agbára sìmẹ́ńtì á sọ ọ́ di ohun tó rọ̀, á sì bó. Ẹ kun inú lẹ́tà, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ojú kí ọ̀dà tó gbẹ níbẹ̀.

Ìṣó kan kò lè gbé e. Bóòtù méjì tó wọ búlọ́ọ̀kù ní 6 cm, pẹ̀lú igun irin lábẹ́ rẹ̀, ló yẹ kó gbé e dúró.